Bàbá Oníràwọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Orúkọ

Títí di òní, kò sí ẹni tó wà níbi ìpàdé àwọn onílé ní Mowe lọ́jọ́ Sátidé yẹn tó lè ròyìn rẹ̀ láìfọwọ́ di ikùn mú. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá ti ń sọ pé àwọn wà níbẹ̀. Bí gbogbo ẹni tó ní ojú òun ló ṣe bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe é ì bá ti wó kí Alága tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Olóògbé Mùtàlíbù Bádéjọ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà, òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníràwọ̀. Ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pírójẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sára ògiri, Alága Adébánjí sì ti fọ́nnu káàkiri pé ìpàdé tiwọn ti kúrò ní ti ará oko. Ó ní kí akọ̀wé gbé orúkọ àwọn onílé sára ògiri, kí oníkálukú lè rí iṣẹ́ tó kàn án lórí gọ́tà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Mùtàlíbù bọ́ fíláàṣì tó ń kó fáìlì rẹ̀ sí, tó máa ń so mọ́ ọrùn bí tírà, ó tì í bọ inú láàpútọ́ọ̀pù Alága, ó wá dúró gangan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn.

Ohun tó yẹ kó hàn ni orúkọ nìkan: ìràwọ̀ kan, orúkọ kan, ìràwọ̀ kan, orúkọ kan, títí dé ilé tó kẹ́yìn. Ohun tó hàn ni orúkọ, àti gbogbo ohun tí akọ̀wé ti ń kọ sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti ọdún méje, ní lẹ́tà tó tóbi ju orí èèyàn lọ.

"Adébánjí, Alága," ni Alága fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà sínú máìkì. "Èèyàn dáadáa ni. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń tán. Ẹ má ṣe fún un ní máìkì kí wọ́n tó..." Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé òun ni wọ́n ń sọ, àti pé máìkì wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀rín bú. Ìyá Jésùtófúnmi ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń na ìka sí Alága, títí tí ojú rẹ̀ fi kan ìlà tó tẹ̀ lé e. "Ìyá Jésùtófúnmi. Ohùn rẹ̀ dùn. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀ láti aago mẹ́rin ìdájí. Kí ló kan àwa?"

"Akọ̀wé!" Ó ti dìde. "Èmi lẹ̀ ń bá wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ pa á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!" ni Mùtàlíbù ń ké. Ṣùgbọ́n Alága tí inú ń bí kò mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. Èyí tó ń gbé ìwé lọ sísàlẹ̀ ló ń tẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, ògiri sì ń tú àṣírí. "Ilé aláwọ̀ pupa. Ajá wọn gbọ́n jù wọ́n lọ." Òmíràn tún dé: "Ilé kẹrìnlá. Bó bá ní òun ń bọ̀, ẹ lọ sùn." Àwọn èèyàn ti gun orí àga.

Ó wá kan Ọ̀gá Zubair tó ń ta pákó lójú ọ̀nà. Gbogbo gbọ̀ngàn ń retí. Orúkọ rẹ̀ jáde. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Zubair wo ògiri. Ó wo akọ̀wé. "Alàájì," ó ní, "ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé àdúgbò yìí. Ẹ bú Alága. Ẹ bú ajá. Kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ò fi rí nǹkan kan sọ nípa èmi? Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?" Nínú gbogbo àdúgbò, ẹnì kan ṣoṣo tí Mùtàlíbù kò fi ọ̀rọ̀ kàn ló bínú jù.

Mùtàlíbù na ọwọ́ sókè. Kò gbà pé òun jẹ̀bi. Kò gbà bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. "Ẹ̀rọ Alága ló bàjẹ́!" ó ní. "Fáìlì mi kì í tú síta báyìí. Kíká ló máa ń ká, orúkọ nìkan ló máa ń hàn. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣí i ní Ibafo ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kíká ló ń ká lọ́dọ̀ òun náà. Gòkè! Ṣé kì í ká ni?"

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí Ọlágòkè jókòó sí. Ibafo ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ kan ní àdúgbò náà, ìdí nìyẹn tó fi wá. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó máa ń ká," ni Ọlágòkè wí.

Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pa irọ́ yẹn. Irọ́ tó pa lọ́dún méje sẹ́yìn ló kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú gbogbo wàhálà yìí.

Alága ṣì ń tẹ bọ́tìnì. Orúkọ Ọlágòkè ló kù tó máa kàn, òógùn sì ti bo ọkùnrin náà, nígbà tí iná lọ. Ògiri ṣókùnkùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Mowe sílẹ̀, ọjọ́ yẹn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ bínú tọkàntọkàn pé iná lọ, àyàfi ẹni méjì.

Ẹ má ṣe fojú èèyàn burúkú wo Ọlágòkè. Ọ̀rẹ́ gidi ni. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan náà ní Èkó ni òun àti Mùtàlíbù ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, wọ́n jọ ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, ọ̀kan kọ́lé sí Mowe, èkejì kọ́lé sí Ibafo. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò kò lé lórí ni ohun tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Mùtàlíbù ń lo Emacs. Ọlágòkè ń lo Vim. Ètò ìkọ̀wé ni méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá méjì yìí lè jà lé e lórí láti àárọ̀ títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Vim," Mùtàlíbù á ní, "ṣé èyí tí ìyàwó mi fi ń fọ ìdí ìkòkò?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí o tó kọ 'ẹ káàárọ̀' nínú tìẹ, o gbọ́dọ̀ fi ìka mẹ́ta tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ìwé lò ń kọ ni àbí o fẹ́ ta dùùrù?"

"Ó sàn ju kí n wọ inú rẹ̀ kí n má mọ ọ̀nà jáde lọ. Gòkè, ṣé o ti jáde nínú èyí tó o wọ̀ lọ́dún 1998?"

Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgbàgbọ́ kan tó so wọ́n pọ̀, Mùtàlíbù ló sì ń wàásù rẹ̀: ohunkóhun tó bá ṣe pàtàkì, lẹ́tà lásán ni kí èèyàn fi kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ ní àwọ̀, kò gbọdọ̀ ní òdòdó létí. Ìràwọ̀ kan níwájú orí ọ̀rọ̀, ìràwọ̀ méjì níwájú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn kò tí ì ṣe, kọ ṢE síwájú rẹ̀. Ìgbà tó bá parí, yí i padà sí TÁN. Ó parí. "Ìwé tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè ṣí i," ni Mùtàlíbù máa ń wí, "ẹlẹ́wọ̀n ni. Tí ẹ̀rọ yẹn bá kú, ó kú mọ́ ọn nínú."

Kò fi ìgbàgbọ́ yìí mọ sẹ́nu. Ibi yòówù tó bá ti gbọ́ pé wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, á gbé fíláàṣì rẹ̀ lọ láti wò ó bóyá ìwé òun máa ṣí níbẹ̀. Báyìí ló ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ibafo lọ́jọ́ Àìkú kan, pẹ̀lú fìlà mọ́ṣáláṣí lórí.

"Ẹ káàbọ̀ sílé Olúwa, bàbá," ni ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà wí, ó kúnlẹ̀. "Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ ni, ọmọ mi. Níbo ni kọ̀ǹpútà yín wà?"

Ọmọ náà rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni. Ó mú un lọ sí ìjókòó iwájú. Kò pẹ́, wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde, ó dìde. Wọ́n kọrin káàbọ̀ fún un, wọ́n wá ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú máìkì. "Bàbá wa, kí lẹ fẹ́ kí Olúwa ṣe fún yín láàárọ̀ yìí?"

"Kó jẹ́ kí fáìlì yìí ṣí lórí ẹ̀rọ yín."

Dáraolúwa tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà gba fíláàṣì náà, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ìlà mẹ́rin tí Mùtàlíbù fi ń dán ẹ̀rọ wò hàn gbàgàdà. "Ó ṣí!" ni Mùtàlíbù ké. "Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ dáhùn. Ó jókòó títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, ó jẹ ìrẹsì àwọn àlejò, ó kí Pásítọ̀, ó sì gba ilé lọ kí ìrun Ayílà ọ̀sán. Títí ó fi kú ni ìjọ náà ń fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ti Ifo tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ifo ni Mùtàlíbù, ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ní kó gbé orúkọ àwọn ẹbí lọ sí ọ́fíìsì kan tó nílò rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀, Olúwatófúnmi lorúkọ rẹ̀, wo ìwé náà lórí ẹ̀rọ, ó mi orí.

"Bàbá, a kì í gba irú èyí, sà. Lẹ́tà lásán ni."

"Ṣé o lè kà á?"

"Mo lè kà á, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

"Kò lè ṣí nínú èyí tí ọ̀gá wa ń lò, sà."

Mùtàlíbù fa àga, ó jókòó. "Ọmọ mi, bá mi ṣí i nínú ti ọ̀gá yín."

Ó ṣí. Ó ní kó tún ṣí i nínú òmíràn. Ó ṣí. Ó ní kó ṣí i lórí fóònù rẹ̀, ó ṣí níbẹ̀ náà. Àwọn tó tò sẹ́yìn ti kọ́kọ́ ń bú bàbá pé ó ń dá àwọn dúró; ìgbà tó máa fi dé ìkẹrin, wọ́n ti ń bá a ké e pọ̀. Ẹ̀rọ á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo wọn á na ọrùn, gbogbo wọn á tún hó lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó ṣí!" Ọkùnrin kan tó wá gba ìwé tiẹ̀ gbàgbé ohun tó bá wá, ó sì bá bàbá lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà ló di ìkíni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí Mùtàlíbù bá ti kírun tán, á fi fáìlì àdúgbò ránṣẹ́ sí Ọlágòkè, kó lè bá a fi ẹ̀dà kan pa mọ́. Ọlágòkè á ṣí i nínú Vim rẹ̀, á pè é. "Mùtà, ó ṣí." Mùtàlíbù á ní, "Alihamudulilahi." Wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá Tòún, ìyàwó Ọlágòkè, máa ń ní òun kò rí irú ọ̀rẹ́ báyìí rí, tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn láti ọjọ́ Jímọ̀ dé ọjọ́ Jímọ̀ kò kún ṣíbí.

Ibi tí irọ́ ti wọ̀ ọ́ rèé. Emacs Mùtàlíbù ní agbára kan tó fẹ́ràn bí ọmọ: bó bá tẹ bọ́tìnì kan lórí ìràwọ̀, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìràwọ̀ náà á ká wọlé, orí ọ̀rọ̀ nìkan ló máa kù níta. Ó gbà pé bí òun ṣe ká a yẹn náà ló ṣe máa ká dé ibi gbogbo. Nítorí náà, abẹ́ orúkọ ló ń kó gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ sí. Vim Ọlágòkè ní tiẹ̀ kì í ká nǹkan kan fún ẹni tí kò bá kọ́ ọ bó ṣe máa ká a, Ọlágòkè kò sì kọ́ ọ. Ohun tó bá wà nínú ìwé ló máa rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, Mùtàlíbù bi í léèrè. "Ṣé ó ṣí?"

"Ó ṣí."

"Ṣé ó ká?"

Ọlágòkè ń ka ti Alága lọ́wọ́, ó ti fi aṣọ di ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní kò ká, òun kò ní rí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kà. "Ó ká," ó ní. Bó ṣe di irọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn ló ń pa èèyàn.

Ó fẹ́ sọ òtítọ́ o. Nínú fáìlì tirẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: ṢE, sọ fún Mùtà. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, ó ń yí iṣẹ́ tó kù padà sí TÁN, ìyẹn nìkan ni kì í kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ ìpàdé, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi ni mo jẹ́ kí gbogbo Mowe fi ọ́ rẹ́rìn-ín"?

Àdúgbò ní tiwọn kò mú Mùtàlíbù lọ́tàá. Wọ́n bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Alàájì, iná lọ kó tó kàn mí. Kí lẹ kọ sábẹ́ tèmi?" Ìyá Jésùtófúnmi sún àdúrà rẹ̀ sí aago márùn-ún ààbọ̀. Ti Ọ̀gá Zubair ló gba ẹ̀bẹ̀. Oṣù méjì ni kò fi kí akọ̀wé, títí Mùtàlíbù fi jókòó, tó ronú jinlẹ̀, tó kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde gbé e lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Zubair. Oníbìínú." Ọ̀gá Zubair kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ fi ike bò ó.

Àwọn fáìlì ọjọ́ Jímọ̀ kò sì dúró. Mùtàlíbù kò yẹ̀ lórí ohun tó sọ: ẹ̀rọ Alága ló bàjẹ́. Ọlágòkè náà ń bá a lọ, ó ń kà, ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, ó sì tún ń kà. Ohun tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju "Alágídí" lọ. Lẹ́yìn ìpàdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. "Iyọ̀ pọ̀ jù nínú oúnjẹ Gòkè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru." Ọlágòkè ní kí ìyàwó rẹ̀ dín iyọ̀ kù. Ìyá Tòún, tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ibà ló ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mìíràn: "Bàtà aláwọ̀ ewé yẹn. Ṣé kò ní ọ̀rẹ́ tó lè bá a sọ̀rọ̀ ni?" Ọlágòkè fi bàtà náà tọrẹ. Òmíràn: "Ọwọ́ òfo ló fi máa ń wá kí mi." Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọsàn lọ sí Mowe. Ọjọ́ Jímọ̀ dé. "Ọsàn yẹn kan." Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dáa. Ìbẹ́pẹ ńkọ́?" Ó wá ìbẹ́pẹ kiri dé ọjà Ifo. Mùtàlíbù á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, á ní, "Gòkè, báwo lo ṣe mọ̀ pé ìbẹ́pẹ ló ń wù mí?" Ọlágòkè á ní, "Ọkàn mi ló sọ fún mi." Á padà sí Ibafo pẹ̀lú àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò mọ̀ rárá pé wọ́n ń ka inú òun bí ìwé.

Ọdún mẹ́ta ni èyí fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú Mùtàlíbù Bádéjọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e lọ sí Ifo, wọ́n sin ín sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Àfáà dúró, ó ní kí ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀ jọ̀ọ́ dárí jì í nítorí Ọlọ́run. "A ti dárí jì í," ni gbogbo èèyàn dáhùn.  Ti Ọlágòkè yàtọ̀. Òun ló ṣẹ olóògbé, ọwọ́ ta ló ti máa tọrọ àforíjì báyìí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n máa ń kírun tán. Kò sí ohun tó wọlé. Ó jókòó títí Ìyá Tòún fi wá pa kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì tijú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ní Mowe, ẹ̀rín pọ̀ ju ẹkún lọ. Ọ̀gá Zubair mú ìwé tó fi ike bò wá, ó ń fi hàn káàkiri. Ẹnìkan gbé máìkì fún Alága Adébánjí, gbogbo èèyàn sì fara balẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa jẹ gbogbo ọ̀sán. Alága sọ gbólóhùn méjì, ó gbé máìkì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti wá sunkún.

Àjíbíkẹ́, ìyàwó olóògbé, pe Ọlágòkè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fíláàṣì ọrùn Mùtàlíbù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Tòún, ó ní kí n fún yín. Ó ní ogójì ọjọ́ gbọ́dọ̀ pé ná."

"Kí ló fà á?"

"Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jìyà díẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ gbọ̀n lẹ́nu obìnrin náà. 

Ní Ibafo, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlágòkè tì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Fáìlì àdúgbò wà níbẹ̀. Fáìlì kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò rí rí, orúkọ rẹ̀ ni "gòkè". Ó ṣí i nínú Vim.

* Ọlágòkè
 ** ṢE Kó jẹ́wọ́ pé kì í ká lọ́dọ̀ òun.
 ** TÁN Dárí jì í. Ọjọ́ ìpàdé, kí n tó délé. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni mo fi mọ̀.
 ** TÁN Iyọ̀.
 ** TÁN Bàtà aláwọ̀ ewé.
 ** TÁN Ọsàn. Ó kan.
 ** TÁN Ọ̀gẹ̀dẹ̀.
 ** TÁN Ìbẹ́pẹ. "Ọkàn mi ló sọ fún mi." Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi run mí.
 ** ṢE Ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Ìyá Tòún sáré wọlé nítorí ariwo tó gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ló gbá tábìlì mú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké: "Ó mọ̀! Ọdún mẹ́ta! Ó fi mí ṣe ìránṣẹ́ ọjà fún ọdún mẹ́ta gbáko!"

Ọjọ́ Jímọ̀ ló yàn láti lọ sí Ifo. Ó ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì tó tóbi, ó dé agbo ilé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kírun tán. Ó kó o fún ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùtàlíbù lobìnrin, kó bá a gé e fún àwọn ará ilé. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró níbi sàréè.

Ó yọ fóònù. Ó ti gbé fáìlì náà sórí rẹ̀. Kì í ṣe Emacs, kì í ṣe Vim, ètò ìkọ̀wé kékeré kan tí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ṣì ń jẹ́ ìràwọ̀ níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà pé. Ó yí ọ̀pẹ̀ òyìnbó padà sí TÁN. Èyí àkọ́kọ́ ló wá kù.

"Mùtà," ó ní.  "Mùtà, ó ṣí. Kì í ká. Kò ká rí, láti ọjọ́ kìíní. Mo purọ́ fún ẹ, mo jẹ́ kójú tì ẹ́ láwùjọ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó yí èyí náà padà sí TÁN. Agbo ilé dákẹ́, bí fóònù ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí Mùtàlíbù tó fèsì, òun náà sì dúró, ó ń retí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà ti bu ọ̀pẹ̀ òyìnbó sẹ́nu. Ó rọra jẹ ẹ́, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀, ó pa ojú dé.

"Alihamudulilahi," ni ìyá àgbà wí.

Ọlágòkè gbé fóònù sápò.